Ọ̀kẹ́ Méje Ó Lé Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, nígbà tí káfíńtà kan tó jẹ́ oníbàárà wa wọ báńkì wa ní Bódìjà, tó sì na ṣẹ́ẹ̀kì kan sí mi láti òdìkejì gíláàsì. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó lè tó ẹni ogójì ọdún, ìsọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ọjà pákó. Kò sígbà kan tó wọlé wá bá wa tí kì í kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, kí ẹ̀rọ amúlétutù wa má baà fẹ́ ẹ sí gbogbo ènìyàn lójú.

Káfíńtà yìí mọ ìwé Yorùbá kà bí ẹni mu omi, nítorí pé kíláàsì ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ọ láti kékeré. Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì níbikíbi tó ti ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e wá, tí yóò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pé kí n bá òun wo iye tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó mọ òǹkà o, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ lórí ìlà ni báńkì máa ń gbàgbọ́ ju òǹkà lọ, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kò sì lè kà. Èmi náà á kà á fún un, á dúpẹ́, á sì lọ jókòó.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò rẹ ohùn sílẹ̀ rárá.

Ó ní, "Ìyá wa, ẹ má kà á fún mi lónìí. Ẹ jẹ́ kí èmi kà á fún yín."

Ó gba ṣẹ́ẹ̀kì náà padà lọ́wọ́ mi, ó gbé e jìnnà sójú díẹ̀, ó sì kà á ketekete tí àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn rẹ̀ fi gbọ́: "Ọ̀kẹ́ méje ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta náírà péré."

Mo rò pé eré ló ń ṣe. Nígbà tí mo tún gba ìwé náà tí mo wò ó, mo rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ ọ́. Yíǹkì búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, gbogbo àmì ohùn ló pé sórí ọ̀rọ̀, gbogbo àmì ìsàlẹ̀ ló wà níbi tó yẹ kó wà. Ọdún mẹ́tàlélógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì kọ, mo ti rí èyí tí ewúrẹ́ jẹ igun rẹ̀, mo ti rí èyí tí ọkùnrin kan kọ sí ìyàwó rẹ̀ tó sì kọ "olólùfẹ́ mi" síbi tó yẹ kó kọ orúkọ obìnrin náà sí. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ owó rẹ̀ rí.

Òǹkà tó wà nínú àpótí ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́jọ náírà. Iṣẹ́ mi ni láti rí i pé ọ̀rọ̀ àti òǹkà bára mu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ìyá bàbá mi ló kọ́ mi ní òǹkà àtijọ́ ní Ṣakí, nígbà tí a bá jọ ń ka gbodo tí wọ́n sá sórí àpáta kí wọ́n tó gbé e lọ fún àwọn tó ń lọ elùbọ́. Bí mo bá fi òǹkà ilé ìwé kà á, wọ́n á ní kí n tún un kà. Mo wá ń wí i lábẹ́ ètè bí mo ṣe ń wí i nígbà náà: ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ àpò tó kún fún ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún owó ẹyọ. Méje rẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogóje. Ẹgbàáta jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, bí a bá dín ẹgbẹ̀rún kan kúrò nínú rẹ̀, ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ó pé géérégé. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rẹ́rìn-ín síta láàárín iṣẹ́.

Mo gbé e lọ fún ọ̀gá wa, olórí ẹ̀ka, ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo fi ọdún méjìlá jù lọ. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí a dá a padà fún káfíńtà kí ẹni tó kọ ọ́ lọ tún un kọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo bi í léèrè ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ Yorùbá. A jọ ṣí ìwé ìlànà tó wà lọ́wọ́ wa: ó ní kí ọjọ́ wà níbẹ̀, kí orúkọ ẹni tí owó ń lọ bá wà níbẹ̀, kí iye owó wà ní ọ̀rọ̀ àti ní òǹkà, kí ẹni tó ni àkáǹtì fọwọ́ sí i, kí wọ́n má sì pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀. Ní ti èdè, àwa méjèèjì kò rí gbólóhùn kan. Ọ̀gá wa fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

Ó ní, "Ẹ gbà á, mà. Ṣùgbọ́n bó bá padà wá, ẹ̀yin lẹ máa bá oníbàárà yín sọ̀rọ̀."

Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí wọ́n bá ti gbé ṣẹ́ẹ̀kì fún wa, àpótí owó la ó ṣí. Ṣẹ́ẹ̀kì tí káfíńtà gbé wá kì í ṣe ti báńkì wa. Ẹni tó kọ ọ́, báńkì mìíràn ní Ríńgì Róòdù ló ń fowó pamọ́ sí. Àwa kò lè mọ̀ bóyá owó wà ní àkáǹtì rẹ̀, a kò sì lè mọ̀ bóyá òun ló fọwọ́ sí ìwé náà ní tòótọ́. A ní láti bi báńkì tirẹ̀ léèrè. Báńkì àgbà ti ìjọba, tó jẹ́ báńkì fún gbogbo báńkì, ló ṣètò bí a ó ṣe máa bi ara wa. A ó ti ṣẹ́ẹ̀kì bọ inú ẹ̀rọ kan tó máa ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì máa ka àwọn òǹkà rọ́bọtọ-rọ̀bọtọ tó wà nísàlẹ̀ ìwé. Àwòrán náà ló ń rìnrìn àjò, ìwé fúnra rẹ̀ kì í kúrò lọ́dọ̀ wa mọ́. Yóò gba inú ètò yìí kọjá, kílíárìn la ń pè é, yóò dé iwájú òṣìṣẹ́ báńkì kejì, onítọ̀hún á wò ó, á san án tàbí kó dá a padà pẹ̀lú ìdí. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi mọ́ tí wọn kò dá a padà, owó ti wọlé nìyẹn.

Mo fi ọwọ́ ara mi ti ṣẹ́ẹ̀kì náà bọ inú ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kejì, n kò tíì mu tíì mi tán tí mo fi rí i lójú kọ̀ǹpútà pé ó ti padà dé. Ìdí tí wọ́n kọ sí i ni pé ọ̀rọ̀ àti òǹkà kò bára mu. Ọ̀gá wa kọjá lẹ́yìn mi, ó rí i, ó kàn rọra fún mi ní bisikíìtì kan nínú tirẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju ìbáwí lọ.

Mo pe káfíńtà. Ó dé láàárín ogún ìṣẹ́jú, kò tilẹ̀ rántí gbọn ṣòkòtò. Mo rò pé owó ni yóò kọ́kọ́ béèrè, àmọ́ ẹni tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì ló ń ká a lára. Ó ní olùkọ́ àgbà kan ni, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní ẹ̀sìtéètì Bódìjà. Òun ṣe pẹpẹ ìwé fún wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun fi ṣe é. Báwo lòun ṣe fẹ́ dúró níwájú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ kí òun sì sọ fún wọn pé ṣẹ́ẹ̀kì wọn padà? Wọ́n á rò pé òun ń pè wọ́n ní oníjìbìtì. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbàgbé owó ọ̀hún fún ìgbà díẹ̀ ná.

Mo sọ fún un pé èmi ni mo gba ṣẹ́ẹ̀kì náà, èmi ni màá bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí àkókò oúnjẹ ọ̀sán tó, a jọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ síbẹ̀.

Bàbá náà fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, èdè wọn ṣì ń dún bí ti ibẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń gbé Ìbàdàn. Wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, wọ́n sì wọ sálúbàtà. Pẹpẹ ìwé náà gba ògiri kan látòkè délẹ̀ nínú pálọ̀ wọn, pákó ìrókò tó ń dán, mo sì rí i pé káfíńtà kò lè ṣe kó má fi ojú wá a bó ṣe ń wọlé, bí ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ nílé ìwé ẹlòmíràn.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì ṣàlàyé. Káfíńtà ń wo ilẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi pé ọ̀rọ̀ àti òǹkà kò bára mu, Bàbá ní kí n fi àwòrán rẹ̀ han àwọn. Mo fi hàn wọ́n lórí fóònù mi. Wọ́n wò ó títí, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi ní láti jókòó.

Wọ́n ní, "Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta ni mo kọ. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni wọ́n kà."

Ìgbà náà ló yé mi. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ọgọ́rùn-ún márùn-ún péré. Ẹnìkan ní Ríńgì Róòdù ti ka "gbàá" sí "gbẹ̀", owó sì fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ọgọ́rùn-ún márùn-ún dín sí òǹkà tó wà nínú àpótí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni náà gbìyànjú. Kò sọ pé òun kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Ó jókòó, ó ṣírò rẹ̀, díẹ̀ báyìí ló kù kó gbà á.

Mo bi Bàbá léèrè ohun tó sún wọn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Yorùbá làwọn fi gbogbo ọjọ́ ayé àwọn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, síbẹ̀ gbogbo ṣẹ́ẹ̀kì tí àwọn kọ rí, Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sì wá sí àwọn lọ́kàn rí pé ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ọjọ́ tí káfíńtà gbé pẹpẹ dé, ó bá àwọn to ìwé sórí rẹ̀, ó sì ń ka orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan sókè bó ṣe ń tò ó, kò ṣi ọ̀kan kà. Nígbà tí àwọn wá fẹ́ san owó fún un, ó sọ fún àwọn pé òun máa ní kí ẹnìkan bá òun kà á ní báńkì. Ojú ti àwọn. Àwọn rò ó pé kí ló dé tí àwọn á fi kọ ohun tí ọkùnrin tó mọ̀wé báyìí á máa gbé kiri kí ẹlòmíràn kà fún un.

Káfíńtà kò gbé orí sókè. Ó ń fi àtàǹpàkò ra etí pẹpẹ.

Bàbá fa àpótí tábìlì, wọ́n mú ìwé ṣẹ́ẹ̀kì jáde, wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ má gùn, àwọn á tún un kọ ní Gẹ̀ẹ́sì báyìí kí ọkùnrin náà lè rí owó rẹ̀ gbà lọ́la. Wọ́n ti ṣí ìdérí bírò.

Ibẹ̀ ni káfíńtà ti sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ ọ́.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má kọ òmíràn. Látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ìyẹn nìkan ni ṣẹ́ẹ̀kì tí mo kà fúnra mi. Bó bá gba oṣù kan kó tó di owó, mo lè dúró."

Bàbá wò ó. Wọ́n rọra dé bírò náà padà.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tẹ ẹnìkan láago. Ọkùnrin tó jẹ́ olórí àwọn tó ń bójú tó ṣẹ́ẹ̀kì ní báńkì Ríńgì Róòdù, mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí kílíárìn ṣì jẹ́ iṣẹ́ ẹsẹ̀. Nígbà náà, a kì í fi àwòrán ránṣẹ́. Òwúrọ̀ òwúrọ̀ ni akọ̀wé kọ̀ọ̀kan láti gbogbo báńkì ìlú máa ń gbé àpò ṣẹ́ẹ̀kì lọ sí yàrá kan lọ́dọ̀ báńkì àgbà ní Dùgbẹ̀. Báńkì kọ̀ọ̀kan ní tábìlì. Wàá pín ṣẹ́ẹ̀kì tìrẹ fún tábìlì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pín tiwọn fún ọ, gbogbo wa á wá jókòó ṣírò. Bí báńkì wa bá jẹ báńkì kan ní mílíọ̀nù mẹ́wàá, tí àwọn náà jẹ wá ní méje, mẹ́ta péré ló máa kúrò nínú ìwé wa bọ́ sínú tiwọn lọ́dọ̀ báńkì àgbà. Kò sẹ́ni tó gbé owó kọjá títì. Ṣùgbọ́n bí kọ́bọ̀ kan bá ṣáko nínú ìṣirò gbogbo tábìlì, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé. Bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà la máa ń jẹ títí wọ́n á fi rí i. Níbẹ̀ ni mo ti mọ ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ tí mo ní di òní. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, tí yàrá náà sì parí iṣẹ́, iṣẹ́ wa yá sí i lóòótọ́, ohun tó ń gba ọjọ́ púpọ̀ di ti ọjọ́ kan. Àmọ́ a kò rí ojú ara wa mọ́. Ọkùnrin yìí, ó ti tó ọdún méje tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ó gbé e. Mo ní kó sọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé ta ló tún ń jẹ ẹ̀pà sétí fóònù báyìí bí kò bá ṣe èmi. N kò jẹ ẹ̀pà o, ẹ̀fẹ̀ lásán ni. A rẹ́rìn-ín títí kí n tó sọ ohun tí mo torí rẹ̀ pè. Ó ní òun rántí ṣẹ́ẹ̀kì náà, gbogbo ọ́fíìsì ló pé lé e lórí lánàá. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ló ṣírò rẹ̀. Ó pè é kó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Mo gbé fóònù sórí pẹpẹ ìwé kí gbogbo wa lè gbọ́. Ohùn ọmọbìnrin náà kéré. Ó ní Ṣálẹ́ńjì n'Ìbàdàn níbí ni wọ́n bí òun sí, Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, ṣùgbọ́n òun kò mọ òǹkà Yorùbá kọjá ọgọ́rùn-ún. Màmá òun lòun pè tí wọ́n ṣàlàyé ọ̀kẹ́ fún òun, òun sì rò pé òun ti mọ ìyókù. Ó bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá.

Bàbá sún mọ́ fóònù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má bẹ̀ mí. O gba ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Mú bébà, kí o máa kọ ohun tí mo bá pè."

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ẹgbàá, ẹgbàajì, ẹgbàáta. Wọ́n ní kó dín ẹgbẹ̀rún kan kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó pe ohun tó kù. Ọmọbìnrin náà ń tẹ̀ lé wọn, káfíńtà náà ń tẹ̀ lé wọn láìmọ̀, ètè rẹ̀ ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi láti Dùgbẹ̀ ń dáhùn láti ẹ̀yìn bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi í. Mo wo aago, àkókò oúnjẹ mi ti kọjá tipẹ́. N kò dìde.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà ka ṣẹ́ẹ̀kì náà padà fún wọn látòkè délẹ̀, ó sì pe iye rẹ̀ bó ṣe rí. Ó bi Bàbá bóyá Bàbá fúnra wọn ló kọ ọ́, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n tún un fi ránṣẹ́.

Mo tún un fi ránṣẹ́ kí a tó tilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Ní Ọjọ́bọ̀, kò padà. Káfíńtà dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó gbà pé owó ti wọlé hàn mí, ó sì fi han sẹ́kúríìtì, ó fi han obìnrin kan tó wá gba káàdì, tí kò mọ ohun tó ń sọ rárá. Ọ̀gá wa jáde wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò sọ fún mi pé mo jàre, ó kàn béèrè lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pe ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ní òǹkà àtijọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, káfíńtà wá gba ìwé ṣẹ́ẹ̀kì tirẹ̀. Mo kìlọ̀ fún un pé àwọn oníṣòwò kò fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀kì mọ́, fóònù ni wọ́n fi ń san owó báyìí. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ẹnìkan wà tó ń ta pákó fún òun láti Ìwó Róòdù, tó bá òun lọ kíláàsì ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, tó ti ní kí òun fi Yorùbá kọ ọ́ wá kí àwọn wò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwòrán ṣẹ́ẹ̀kì kan tí káfíńtà kọ fún onípákó náà jáde lójú kọ̀ǹpútà mi. Báńkì mìíràn ló fi ránṣẹ́ sí wa kí a san án. Ọ̀kẹ́ méjì náírà péré, àmì ohùn pé, ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ yunifásítì. Mo wo òǹkà, ó bára mu. Mo wo ọjọ́, ó dára. Mo wá wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ṣófo. Inú káfíńtà ti dùn débi pé ó gbàgbé láti fọwọ́ sí i.

Kò sí ohun tí mo lè ṣe. Èmi náà ni mo dá a padà. Mo tẹ̀ ẹ́ láago, mo sọ fún un. Ó bú sẹ́rìn-ín, mo ń gbọ́ ariwo ayùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí n sọ ìdí tí mo kọ sí i fún òun ní Yorùbá kí òun lè lọ sọ ọ́ fún onípákó bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní ó dáa, òun ti ń mú bírò lọ síbẹ̀.